Sípíkà àárín àti sípíkà ìdúró: àwọn ìbéèrè tó ń wáyé jù lórí home theatre nínú pálọ̀ Àbújá

Kí ni ìyàtọ̀ sípíkà àárín sí sípíkà ìdúró?

Sípíkà àárín, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní center, ni èyí tó fẹ̀ ní ìbú, tó máa ń jókòó sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n tàbí lókè rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni iṣẹ́ rẹ̀: nínú fíìmù tí wọ́n ṣe fún ìró 5.1 (ipa márùn-ún fún sípíkà márùn-ún, ọ̀kan fún subwoofer tó ń gbé béèsì), ibẹ̀ ni wọ́n ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn òṣèré ń sọ sí. Sípíkà ìdúró, ìyẹn floor-standing, a máa ga tó nǹkan bíi mítà kan, ilẹ̀ ló ń dúró sí, méjì-méjì sì ni wọ́n ń tà á, ọ̀kan fún ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì. Orin, ìlù, ariwo ọkọ̀ tó ń sáré kọjá, gbogbo bí ìró ṣe ń fẹ̀ kọjá etí tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ àwọn méjèèjì yìí ló wà.

Àpótí ìdúró tóbi, wúfà inú rẹ̀, ìyẹn sípíkà ńlá tó ń gbé béèsì, a sì máa tó méjì tàbí mẹ́ta, ìdí nìyí tí béèsì rẹ̀ fi lè sọ̀kalẹ̀ dé nǹkan bíi 40 Hz (bí iye Hz bá ṣe kéré tó ni ìró ń rinlẹ̀ tó). Àpótí àárín kéré, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lágbára mọ́ tí ìró bá ti lọ sísàlẹ̀ 60 sí 80 Hz. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù, nítorí ohùn ọkùnrin tó rinlẹ̀ pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 80 Hz lọ sísàlẹ̀.

Àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bá home theatre inú páálí wá ńkọ́? Ṣé sípíkà ìdúró náà ni wọ́n?

Gíga wọn nìkan ló jọ ọ́. Bí ẹ bá tú ọ̀kan, ẹ ó bá sípíkà kékeré kan tàbí méjì lókè, tí ìbú rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 7 tàbí 8 lọ. Ìyókù ọ̀pá náà, òfìfo ni. Subwoofer ló ń ru gbogbo béèsì. Ẹ má kàn gé wáyà wọn kí ẹ sì so wọ́n mọ́ receiver mìíràn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ìró wọlé tó sì ń fún àwọn sípíkà ní agbára, nítorí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ 3 tàbí 4 ohm (ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó), ọ̀pọ̀ receiver sì ń fẹ́ 6 ohm sókè. Receiver á gbóná, á sì máa kú fúnra rẹ̀ láàárín fíìmù.

Owó mi kò ká méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Bí ó bá jẹ́ fíìmù àti ìròyìn lẹ ń wò jù, tí ẹni tó ń jókòó wò ó sì ju ẹyọ kan lọ, àárín ni kí ẹ fi owó gidi sí. Ẹ ra sípíkà kékeré orí ṣẹ́ẹ̀fù méjì láti inú ìdílé kan náà, ìyẹn àwọn tí ilé iṣẹ́ ṣe láti bá ara wọn lọ, fún ọ̀tún àti òsì, kí ẹ fi subwoofer kan kún un. Fún fíìmù, ètò yìí dára ju ìdúró ńlá méjì tí wọ́n fi àárín olówó pọ́ọ́kú há sáàárín wọn lọ. Gíga ìdúró ló máa ń wọ èèyàn lójú nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ni fíìmù. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ kò wo nǹkan kan.

Bí ó bá jẹ́ orin lẹ fẹ́ràn, jùjú, fújì, gospel, ẹ ra ìdúró méjì tó dára kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn. Stereo, ìyẹn ìró ọ̀tún àti òsì nìkan, ni wọ́n fi ń gba ọ̀pọ̀ orin sílẹ̀, àárín kò ní ipa kankan níbẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá àárín ìdílé yẹn ṣì wà lọ́jà, nítorí ẹ ó padà wá a.

Ṣé mo lè wo fíìmù láìní sípíkà àárín rárá?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ inú ètò receiver, níbi Speaker Configuration, kí ẹ sọ Center di None. Receiver á pín ọ̀rọ̀ ẹnu dọ́gba sí ọ̀tún àti òsì, ẹni tó bá jókòó sí àárín gbùngbùn á sì máa gbọ́ ọ bíi pé ojú tẹlifíṣọ̀n ló ti ń bọ̀. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sí Small tàbí Large nígbà tí kò sí sípíkà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu á pòórá, orin ẹ̀yìn nìkan lẹ ó máa gbọ́.

Ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ni kò ní gbádùn rẹ̀, torí etí rẹ̀ á so ohùn mọ́ sípíkà tó sún mọ́ ọn jù. Nínú self-contain ní Lugbe níbi tí ẹni kan tàbí méjì ti ń wò ó, kò burú. Nínú pálọ̀ ńlá ní Gwarinpa tí tẹbí-tará àti àlejò ń jókòó yí ká, ẹ wá àárín.

Sípíkà àárín mi kò dún. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò bàjẹ́. Ohun tí ẹ ń wò ló jẹ́ stereo. Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá tó wà lórí YouTube, ipa méjì péré ni ìró wọn ní, bí receiver bá sì wà ní Stereo tàbí Direct, àárín á dákẹ́. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Surround lórí rìmóòtù kí ẹ yan Dolby Surround tàbí Neural:X. Lórí receiver tó ti pẹ́, Pro Logic II lẹ ó rí. Ohun tó bá dọ́gba lọ́tùn-ún àti lósì ni wọ́n ń yọ lọ sí àárín, ohùn òṣèré sì sábà máa ń wà nínú ohun tó dọ́gba yẹn.

Bí fíìmù náà bá ní 5.1 gidi, ẹ yẹ tẹlifíṣọ̀n wò. Ihò HDMI tí wọ́n kọ ARC tàbí eARC sí lára ni kí wáyà wà, lára tẹlifíṣọ̀n àti lára receiver. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ètò Sound, ẹ wo Digital Output. Bí ó bá wà ní PCM, ipa méjì ló ń gbé gba inú ARC kọjá. Ẹ sọ ọ́ di Bitstream, Auto tàbí Pass Through. Bí ó bá ti bọ́ sípò, ojú receiver á kọ Dolby Digital tàbí orúkọ irú ìró tó ń wọlé.

Bí kò bá tíì dún, ẹ tan test tone inú receiver, ìyẹn ariwo ìdánwò tó ń gba inú sípíkà kọ̀ọ̀kan jáde ní ìkọ̀ọ̀kan. Bí àárín bá dákẹ́ nígbà tí ó kàn án, ẹ pa receiver, kí ẹ yọ wáyà òsì kúrò ní ihò rẹ̀, kí ẹ sì fi wáyà àárín síbẹ̀. Ẹ tún test tone tàn. Bí àárín bá dún nígbà tí ó kan òsì, ihò àárín lẹ́yìn receiver tàbí ètò rẹ̀ ló ní ìṣòro. Bí kò bá dún, wáyà tàbí sípíkà fúnra rẹ̀ ni.

Ìbọn ń fọ́ mi létí, síbẹ̀ n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí àárín wà. Bí ẹ bá tì í wọ inú káńbọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n títí dé ẹ̀yìn, ohùn á máa ró bí ẹni tó ki orí bọ inú ìkòkò sọ̀rọ̀. Ẹ fà á síwájú títí ojú rẹ̀ á fi dọ́gba pẹ̀lú etí ṣẹ́ẹ̀fù tàbí kó yọ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi rọ́bà kékeré gbé iwájú rẹ̀ sókè kí twítà, ìyẹn sípíkà kékeré tó ń gbé ìró tín-ínrín, lè kọjú sí etí ẹni tó jókòó. Bí ẹ bá jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó sí, twítà ló yẹ kí ẹ máa wò lójúkojú. Bí ó bá jẹ́ orúnkún yín ló kọjú sí, ọ̀rọ̀ á dún mọ́ inú.

Ohun kejì ni yàrá. Ògiri búlọ́ọ̀kù, táìsì nílẹ̀, POP lókè, gíláàsì ní fèrèsé: gbogbo rẹ̀ ló ń dá ohùn padà, ọ̀rọ̀ á sì máa gun ara wọn. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín pálọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí ó ń gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Rọ́ọ̀gì tó nípọn láàárín àga àti tẹlifíṣọ̀n, kọ́tìnì tó wúwo tó bo gíláàsì dé ilẹ̀, àga tìmùtìmù onáṣọ dípò aláwọ, wọ́n á ṣe ju ohun tí sípíkà olówó ńlá lè ṣe lọ nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀. Níhà àríwá wa níbí, rọ́ọ̀gì tó dára kò ṣòro rí lọ́jà. Ẹ lo àǹfààní yẹn.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fọwọ́ kan ètò. Ẹ gbé Center Level sókè pẹ̀lú 2 tàbí 3 dB (dB ni ìwọ̀n bí ìró ṣe ròkè tó). Bí ẹ bá nílò ju 4 dB lọ, ẹ padà sí yàrá àti ibi tí ẹ gbé e sí. Lóru, nígbà tí àwọn ará ilé kejì ti sùn ní Kubwa, ẹ tan Night Mode tàbí Dynamic Range Compression: á rẹ ìbọn sílẹ̀, á sì gbé ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sókè.

Báwo ni kí wọ́n ṣe jìnnà síra tó?

Bí àga bá jẹ́ mítà 3 sí tẹlifíṣọ̀n, kí ìdúró ọ̀tún àti òsì fi mítà 2.5 sí 3 jìnnà síra. Ìyẹn bọ́ sí ìwọ̀n dígírì 22 sí 30 tí Dolby fi lélẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ yí ojú wọn sínú díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó. Kí ẹ̀yìn wọn jìnnà sí ògiri tó sẹ̀ǹtímítà 30, kó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ihò atẹ́gùn bá wà lẹ́yìn àpótí. Ìdúró tí wọ́n há mọ́ igun ògiri, béèsì rẹ̀ á wú, á sì bo ohùn mọ́lẹ̀. Bí pálọ̀ bá há, sípíkà orí ṣẹ́ẹ̀fù ló yẹ yín.

Ẹ fi téèpù wọn ìjìnnà ìkọ̀ọ̀kan sí àga kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sínú receiver níbi Distance.

Àwọn tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ń sọ pé ohùn àárín kò já geere. Kí ló fà á?

Ẹ ṣí aṣọ ojú rẹ̀. Bí ẹ bá rí wúfà kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí twítà nìkan wà láàárín, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Wúfà méjèèjì ń sọ ohun kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sún mọ́ ọ̀kan ju èkejì lọ. Ìró méjèèjì kì í dé etí rẹ̀ pa pọ̀, apá kan nínú ohùn á sì pa ara rẹ̀ rẹ́. Ẹni tó wà láàárín kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀.

Àárín tí wọ́n ń pè ní 3-way, tí ó ní sípíkà kékeré fún ohùn lábẹ́ twítà láàárín wúfà méjì, bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro yìí dáadáa. Ó wọ́n jù, ṣùgbọ́n fún pálọ̀ tó fẹ̀, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé dandan ni kí àárín àti ìdúró jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan náà?

Kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́ ló ṣe pàtàkì bí kò ṣe ìdílé sípíkà, pàápàá twítà. Bí twítà ìdúró bá jẹ́ ti aṣọ, tí ti àárín jẹ́ ti irin, ohùn òṣèré á yí padà bí ó bá ń rìn láti òsì kọjá lọ sí ọ̀tún. Test tone ni ẹ fi lè dán an wò: ó yẹ kí ariwo náà jọra lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn sípíkà ẹ̀yìn lè yàtọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn níbẹ̀.

Ìdúró mi tóbi. Ṣé kí n fi sí Large àbí Small?

Small, bí ẹ bá ti ní subwoofer. Orúkọ yẹn kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìtóbi àpótí. Ohun tó ń sọ ni bóyá receiver á gé béèsì kúrò fún subwoofer. Ẹ fi crossover, ìyẹn ibi tí receiver ti ń gé béèsì, sí 80 Hz fún gbogbo wọn. Bí àárín bá kéré gan-an, 100 Hz tọ́ fún un. Tí ẹ kò bá ní subwoofer, ẹ fi ìdúró sí Large kí ẹ sì fi àárín sílẹ̀ ní Small, béèsì rẹ̀ á gba inú ìdúró jáde.

Wáàtì mélòó ni mo nílò?

Ẹ má ka PMPO tí wọ́n kọ sára páálí sí nǹkan kan, ìpolówó ọjà lásán ni. RMS, ìyẹn agbára tó lè gbé jáde láìdáwọ́dúró, ni kí ẹ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ wo sensitivity tí wọ́n kọ ní dB, ìyẹn bí sípíkà ṣe ń dún sókè tó pẹ̀lú ìwọ̀n agbára kan náà. Sípíkà 90 dB àti èyí tó jẹ́ 87 dB, èkejì nílò ìlọ́po méjì agbára kí wọ́n tó lè dún dọ́gba. Nínú pálọ̀ tó wọ́pọ̀, receiver tó ń fún ipa kọ̀ọ̀kan ní wáàtì 80 pẹ̀lú sípíkà 88 dB sókè ti tó.

Receiver kékeré tí wọ́n fipá tẹ̀ ló ń pa twítà jù. Bí agbára rẹ̀ bá tán, ìró tó ń gbé jáde á ya, agbára tó ń lọ sí twítà á pọ̀ ju èyí tó lè gbà lọ, wáyà tín-ínrín inú rẹ̀ á sì jó. Bí ẹ bá gbọ́ tí ohùn ń ya, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Irú wáyà wo ni kí n lò?

Wáyà bàbà 2.5 mm² tí àwọn oníná ń tà tó fún ìrìn mítà 10 fún sípíkà 4 ohm pàápàá. 1.5 mm² tó fún àárín, torí ó sún mọ́ receiver. Ẹ fi ọ̀bẹ họ irun wáyà kan: bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n kùn ní bàbà ni, ẹ dá a padà. Ẹ rí i pé pupa wọ pupa, dúdú wọ dúdú ní gbogbo ibi. Bí wáyà ìdúró kan bá yí padà, béèsì á tẹ́, ohùn àárín gbùngbùn á sì fọ́nká.

Tokunbo ni mo fẹ́ rà. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Ibi yòówù kí ẹ ti rà á, Banex ní Wuse 2 ni o, Sabon Gari ní Kano ni o, ẹ ní kí wọ́n ṣí aṣọ ojú rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ etí wúfà jẹ́jẹ́. Rọ́bà á rọ̀, á sì padà sípò. Bí ó bá jẹ́ fọ́ọ̀mù tó sì ń rún bí ìyẹ̀fun, ẹ kúrò níbẹ̀ tàbí kí ẹ yọ owó àtúnṣe kúrò nínú iye tí wọ́n pè é. Ẹ fi ìka mẹ́rin ti wúfà wọlé dọ́gba: bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń họ nínú, wáyà inú rẹ̀ ti kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹ mú mítà oníná lọ. Sípíkà 8 ohm á ka nǹkan bíi 5.5 sí 7. Ti 4 ohm á ka 3 sí 3.8. Mítà kì í sábà sọ fún yín bóyá twítà ti kú, nítorí ohun tó wà lójú ọ̀nà twítà ń dí iná bátìrì mítà lọ́wọ́. Etí lẹ ó fi mọ ìyẹn: ẹ ní kí wọ́n fi orin sí i, kí ẹ ká pépà bí ọ̀pá, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan sí iwájú twítà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi etí sí ẹnu kejì. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á fi twítà tó kú hàn kíákíá.

Receiver tokunbo tí mo rí kọ 100V tàbí 120V sẹ́yìn. Ṣé ó ṣe é rà?

Sípíkà lásán tí wáyà nìkan ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú fóòtì. Ẹ lè ra ìdúró àti àárín láti orílẹ̀-èdè yòówù. Receiver àti subwoofer tó ń wọ sókẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Iná wa jẹ́ 230V. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120V, ti Japan jẹ́ 100V. Bí ẹ bá kì wọ́n bọ sókẹ́ẹ̀tì tààrà, wọ́n á jó.

Ẹ lo tiransifọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀, tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po méjì wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn receiver. Fún ti Japan, ẹ rí i pé 100V gan-an ló ń gbé jáde. Tiransifọ́mà 110V á máa fún un ní iná tó pọ̀ jù, bí iná bá sì gòkè dé 250V, á sún mọ́ 120V. Kí stabilizer ṣíwájú tiransifọ́mà. Bí ẹ bá ń lo inverter, kó jẹ́ pure sine wave, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ receiver lè máa kùn nígbà gbogbo.

Báwo ni kí n ṣe tọ́jú wọn nígbà ọyẹ́, àti lọ́wọ́ àwọn ọmọdé?

Ẹ má ṣí aṣọ ojú wọn sílẹ̀ láti oṣù kọkànlá títí ọyẹ́ á fi lọ. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni kí ẹ fi gbọn eruku. Ẹ má fi aṣọ tútù kan wúfà, ẹ má sì fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku sún mọ́ twítà. Bí ọmọ bá ti fi ìka tẹ twítà aṣọ wọlé, ẹ lẹ téèpù rírọ̀ mọ́ ọn kí ẹ sì fà á jẹ́jẹ́, á sábà padà. Ti irin kì í fi bẹ́ẹ̀ padà láìní àpá.

Ìdúró lè wó lu ọmọ. Ẹ de ẹsẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dáadáa, kí ẹ lo ẹsẹ̀ rọ́bà lórí táìsì dípò èyí tó mú ṣóńṣó.

Ṣé mo lè fi ìdúró kẹta ṣe àárín?

Bí ó bá lè dúró lóòró, bẹ́ẹ̀ ni, òun ló sì dára jù. Nínú ilé sinimá, sípíkà mẹ́ta kan náà ló wà lẹ́yìn aṣọ funfun tó ní ihò wínníwínní. Nílé, ẹni tó ń lo projector pẹ̀lú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lè ṣe é. Tẹlifíṣọ̀n ló ń dí ọ̀nà àwa yòókù. Ẹ má dùbúlẹ̀ ìdúró sórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n: ìṣòro àwọn tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ á tún padà wá, á sì le ju ti àárín gidi lọ.

Ihò wáyà mẹ́rin ló wà lẹ́yìn ìdúró mi, béèsì nìkan ló sì ń dún. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ihò méjì jẹ́ ti twítà, méjì jẹ́ ti wúfà. Irin pẹlẹbẹ méjì ló ń so wọ́n pọ̀ láti ilé iṣẹ́, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Lára tokunbo, irin yẹn sábà máa ń sọnù lójú ọ̀nà. Ẹ gé wáyà bàbà kúkúrú méjì, sẹ̀ǹtímítà 8 tó, ẹ bó ẹnu wọn, ẹ fi ọ̀kan so pupa òkè mọ́ pupa ìsàlẹ̀, ẹ fi èkejì so dúdú mọ́ dúdú. Kí receiver wà ní pípa nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò pé irun wáyà kankan kò kan láti pupa sí dúdú kí ẹ tó tan iná.